Kùdírátù Oníyere

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976, àwọn ẹ̀ṣọ́ gẹ́ètì dá Kùdírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábà, wọ́n ní kó tú ìró rẹ̀. Ó rò pé eré ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń gba gẹ́ètì yẹn wọlé, tó ń gbà á jáde, tó sì ń kí wọn ní "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìgò sípírítì kan sọnù ní láàbù, ọ̀gá sì ti pàṣẹ pé kí àwọn yẹ Kùdírátù nìkan wò. Wọ́n da báàgì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n já gèlè kúrò lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ìró náà, kí ọwọ́ wọn má baà kan òun, ó sì dúró pẹ̀lú yẹ̀rì lásán lójú àwọn akọ̀wé, àwọn awakọ̀, àtàwọn tó ń ta ọsàn lódìkejì títì. Wọn ò rí ìgò kankan. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọ̀gá náà lójú fèrèsé òkè, Dókítà Oyèwọlé. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fún un ní lẹ́tà pé iṣẹ́ ti tán.

Kí ni ẹni tó ń fọ ìgò lè ṣe fún odidi dókítà, tí irú èyí fi lè bá a? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọmọ Mushin ni Kùdírátù, àdúgbò Ìdí-Òró ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Àmúdàtù, ló ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà tà lọ́jà. Kùdírátù ka ìwé mẹ́fà, ó kúrò nílé ọkọ kan tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní 1972, ọdún tí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ó ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí náà. Ìgò ló ń fọ̀, ilẹ̀ ló ń gbá. Iṣẹ́ ti Dókítà Oyèwọlé ni láti wá ohun tí yóò lé kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà, tí kì í ṣe oògùn olóró tó lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà náà. Ó ti dán ewé yìí wò, ó ti dán èèpo igi yẹn wò. Àwọn kòkòrò ń gùn ún kọjá bí ẹni ń re ọjà.

Lọ́jọ́ kan, bí Kùdírátù ṣe ń nu tábìlì, ó ní, "Sà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀wà ìyá mi kì í ní kòkòrò."

Dókítà ò gbójú sókè. "Kí ló ń fi sí i?"

"Ìyere ni, sà."

"Ìyere, èso dúdú tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀?"

"Òun náà ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kó mú un wá. Ìyere tí òun àti ìyá rẹ̀ ti gbẹ sílẹ̀ ló gbé wá nínú agolo. Wọ́n gún un, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pò ó mọ́ ẹ̀wà inú ìgò, wọ́n wá kó kòkòrò ogún sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ dé e lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo wọn ti kú, wọ́n na ẹsẹ̀ sókè.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ Kùdírátù ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ò yí. Òun ló ń ra ìyere, òun ló ń gbẹ ẹ́ nílé. Òun ló ń jókòó ti ìgò láti àárọ̀, tó ń ka òkú kòkòrò, tó ń ka ẹyin wọn tó funfun, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lára ẹ̀wà, tó ń ka ihò tí wọ́n lu. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú ìwé, ọdún méjì gbáko, Dókítà á sì gba ìwé náà lọ ní gbogbo ìparí oṣù.

Edith ló kọ́kọ́ sọ fún un. Ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún Dókítà ni Edith, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí Kùdírátù ní nínú ọgbà náà.

"Àǹtí, ìwé Dókítà ti jáde lókè òkun o. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Orúkọ mélòó ló wà níbẹ̀?"

Edith ń wo ilẹ̀. "Ẹyọ kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ta awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò fún wọn."

Kùdírátù pa á mọ́nú. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníwèé ìròyìn kan wá ya fọ́tò Dókítà, tó sì yíjú sí òun láti béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ó sọ ohun tó jẹ́ òótọ́: "Ìyá mi ló kọ́ mi ní ti ìyere. Èmi ni mo kọ́ Dókítà." Dókítà bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó dápàárá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ìgò sípírítì fi sọnù.

Nígbà tó dé ilé lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó tú ìró yẹn, ó fọ ìró náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìpe sà mọ́ ọn: "Oyèwọlé, bí mo ṣe dúró lójú ayé yẹn, ìwọ náà á dúró." Kò pariwo, kò sunkún, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Ìbínú rẹ̀ ò jó bí iná epo. Ẹyin iná tí wọ́n fi eérú bò ni. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà, ó ń bá oníbàárà ṣàwàdà, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá ró ìró mọ́ ìdí, á rántí.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba kéde Operation Feed the Nation, pé kí olúkúlùkù máa gbin ohun tí a ó jẹ. Ní oṣù kọkànlá, Edith wá kí i lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ìjọba ti gbé ogún àpò ẹ̀wà fún Dókítà. Yóò fi ìyere sí i, yóò tọ́jú rẹ̀ di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, wọn ó wá tú u lójú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá ti rí i pé ó dára, wọn ó kó o lọ fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá.

"Ìyere tí ẹ gbẹ sílẹ̀ ti tán, Àǹtí. Èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà ò pa nǹkan kan. Orí Dókítà ti gbóná."

Kùdírátù bu omi fún un.

Lọ́jọ́ kẹrin, mọ́tò ìjàpá kan dúró níwájú ilé wọn. Dókítà Oyèwọlé ló sọ̀kalẹ̀. Kùdírátù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ. Dókítà ní àlàáfíà ni wọ́n wà, ó nu ọrùn rẹ̀, ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó gbé e wá.

"Kùdírátù, ìyere tó o máa ń mú wá nígbà yẹn. Báwo lo ṣe ń gbẹ ẹ́?"

Kùdírátù fa àpótí kan, ó jókòó kọjú sí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lákòókò yẹn òun ṣì lè sọ òótọ́ fún un, bó bá jẹ́ pé Dókítà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu.

"Sà, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n tú ìró ní gẹ́ètì, ẹ wà lójú fèrèsé."

"Ìyẹn ti kọjá," ni Dókítà wí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Oòrùn lò ń sá a sí, àbí? Mo rò pé bí omi bá ṣe kúrò lára rẹ̀ tó ni agbára rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó."

"Oòrùn ni, sà," ni Kùdírátù dáhùn. "Oòrùn ọ̀sán gangan. Lórí páànù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi máa dún ṣaworo."

Dókítà dúpẹ́, ó sì lọ. Irọ́ ni. Inú yàrá, lábẹ́ òjìji, ni Àmúdàtù ti ń gbẹ ìyere láti ìgbà èwe rẹ̀, tó ń fi aṣọ bò ó. Agbára ìyere wà nínú epo tó ń ta sánsán lára rẹ̀, epo náà ni kòkòrò kì í lè fara dà. Oòrùn ní í pa agbára epo náà. Ṣùgbọ́n kì í pa á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí Kùdírátù sì mọ̀ dáadáa nìyẹn. Ìyere tí wọ́n sá sóòrùn yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú Dókítà yóò dùn, yóò rán àpò rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ẹyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa nínú òkùnkùn àpò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Kùdírátù po ìyere tirẹ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú agolo bísíkíìtì kan, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ó wá jókòó, ó ń dúró. Ọdún yí po, FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, wá, àlejò kún Èkó, ó kọjá. Kùdírátù ò lọ wo nǹkan kan. Oṣù kẹta ló ń dúró dè.

Lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n dá, wọ́n ta àtíbàbà sínú ọgbà ilé ìwádìí. Wọ́n pe àwọn àgbẹ̀, wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀wà. Kùdírátù bá ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ wọlé. Ó gba gẹ́ètì kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó jókòó síwájú pẹ̀lú agolo lórí ẹsẹ̀. Dókítà Oyèwọlé bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wọ kóòtù tuntun. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun fi jà, pé òun ti ṣẹ́gun kòkòrò ẹ̀wà.

Ìyáàfin Mobọ́lá Adéfúnmiláyọ̀, ọ̀gá láti iléeṣẹ́ ìjọba, ló fi ọ̀bẹ tú àpò kìn-ín-ní. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun funfun ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gun apá léèsì rẹ̀ bọ̀. Ó kígbe, ó gbọn apá. Wọ́n tú ìkejì, bákan náà. Dókítà gba ọ̀bẹ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìkẹta, ó ya ìkẹrin. Ẹ̀wà náà ti dá ihò bí ajere. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Kùdírátù dìde. Ó rìn lọ síwájú, ó da ẹ̀wà inú agolo rẹ̀ sórí àwo. Ó ń dán, kò ní ihò kan.

"Ẹ wo èyí, mà. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀wà yìí wọnú agolo ni tiyín wọnú àpò."

"Ta ni ọ́?" ni Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ béèrè.

"Kùdírátù ni mo ń jẹ́, ọmọ Àmúdàtù. Èmi ni mo ń fọ ìgò níbí tẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kó tú ìró ní gẹ́ètì yẹn, wọ́n ní mo jalè."

Dókítà gbàgbé pé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lòun dúró sí. "Ìwọ lo sọ pé kí n sá a sóòrùn!" ló pariwo. "Mo wá bá ọ nílé, o ní oòrùn ni!"

Gbogbo ọgbà ló gbọ́ ọ. Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ rọra yíjú sí i. "Dókítà, ẹni tó ń fọ ìgò ló ń kọ́ yín níṣẹ́ tí ẹ kọ ìwé lé lórí?"

Dókítà ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Kòkòrò kan ń rìn lórí kọ́là kóòtù tuntun náà, kò rí i. Àmúdàtù, láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, fọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ti Kùdírátù, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo Oyèwọlé láti orí dé ẹsẹ̀, kò yára. Ó ní dídùn ọjọ́ náà ò kúrò lẹ́nu òun fún odidi oṣù kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dáná sun ogún àpò náà lẹ́yìn láàbù. Edith wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé yóò bàjẹ́?"

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọmọ aláìníyàá yẹn ni wọ́n fẹ́ kó o fún. Ẹ̀wà ò ṣẹ̀ yín."

"Èmi náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Edith. Nígbà tí mo dúró sídìí gẹ́ètì yẹn, ṣé o sọ̀kalẹ̀ wá bò mí láṣọ?"

Edith yíjú, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ Dókítà, wọ́n ní kó lọ sí ẹ̀ka kékeré kan lókè Ọya. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, Kùdírátù ra ẹ̀pà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́sàn lódìkejì títì, ó ń jẹ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà rí i, ó sọdá wá bá a.

"Kùdírátù, o pa mí."

"Rárá, sà. Ẹ béèrè, mo sì dá yín lóhùn."

Ìyáàfin Adéfúnmiláyọ̀ wá bá Kùdírátù ní Ìdí-Òró lẹ́yìn náà, ó ní kó sọ àṣírí ìyere náà. Kùdírátù ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò jalè. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìgbà náà ló tó ṣí ẹnu, ó fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ ìyere lábẹ́ òjìji hàn án, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Kùdírátù àti ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kó padà síṣẹ́, ó kọ̀. Lọ́jà ni wọ́n ti ń wá a, tí wọ́n ń pè é ní Oníyere, ó sì máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Òun àti Edith máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Edith á kí i dáadáa láti òdìkejì, á ní "Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọdá. Kùdírátù sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo tó ń dun òun nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ti Dókítà ò dùn ún rí.