Ọkọ Mi Ló Ń Ná Ọjà Báyìí

Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà mí láàmú ni ọkọ mi ti gba ọjà ná lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìkálẹ̀ gan-an. Ọ̀yọ́ ni èmi ti wá. Ọjà Òkìtìpupa ni mo ti kọ́ èdè wọn, lẹ́nu ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Tí mo bá lọ ra ẹja, a ó jọ jókòó sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi mú.

Ọkọ mi mọ ọjà ná ju bí mo ṣe rò lọ. Pupuru tó ń rà, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ibí fi ń ro òkèlè, kì í ní iyanrìn. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń tú ẹrù, ó ní, "Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ti bímọ. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọmọ lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Ọdún púpọ̀ ni èmi àti ìyá yẹn fi jọ gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ lè lóyún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Mo fẹ́ bá a yọ̀."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Ẹ sinmi, màmá. Mo ti bá wọn yọ̀ lórúkọ àwa méjèèjì. Mo tiẹ̀ gbé ọmọ náà."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ráhùn sí irú oore bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì lọ fi omi gbígbóná fọ ẹja. Ó tan rédíò fún mi kí ilé má bàa dákẹ́, ó sì jáde lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.