Re Dò Mí Mí: Orúkọ Tí Bàbá Mi Fi Orin Pè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Ìbà. Bí ẹ bá ní ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára kọjá.

Tíṣà Yorùbá ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Òjó débi pé bí a bá jọ ń rìn ní Ìyànà Ìbà, àwọn géńdé onírùngbọ̀n á máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn: "Tíṣà Dò Re Mí!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Yorùbá níléèwé mọ̀ ọ́n: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè.

Èmi Fúnkẹ́ yìí jìyà dò re mí o! Bí mo bá sọ pé ebi ń pa mí, bàbá mi á ní kí n fi àmì ohùn sí i ná. Ọmọ tébi ń pa á dúró ti ìkòkò, á máa pè é: re re, mí, re, mí. Ṣé irú ìyà wo nìyẹn?

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi fẹ́ pe Màámi láti yàrá, ohùn ò jáde. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún ò gbé mọ́. A sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run ṣe é, ẹ̀mí ò bọ́, ẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ò wá! Wọ́n á lanu, wọ́n á máa ṣe "àà, àà", omi á sì máa bọ́ lójú wọn. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ṣiṣẹ́ jẹun!

Mo lóyún àkọ́bí mi nígbà náà. Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá mi ti ń fọ́nnu pé orúkọ tí àwọn máa sọ ọmọ-ọmọ àwọn àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí, ẹnu àwọn la sì ti máa gbọ́ ọ. Ẹnu wo báyìí? Ohun tó ń pa mí lẹ́kún gan-an nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màámi ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì ń kọrin. Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin ò sì lè wọ́n lẹ́nu wọn. Lójijì, a gbọ́ tí ẹnì kan ń bá wọn kùn ún láti orí àga. Bàbá mi ni! Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn orin náà pé pérépéré. Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Màámi.

A sọ fún obìnrin físíò tó máa ń wá na apá wọn. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, pé kí a máa fi orin bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ òsì lu tábìlì tẹ̀ lé e.

Háà, Màámi ò tún sọ̀rọ̀ mọ́! Ògì dé, orin. Oògùn dé, orin. "Bàbá Fúnkẹ́ o, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín o!" Obìnrin Ígbò tó ń tajà ní Alábà, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, ní "Mama Fúnkẹ́, una don open church?" Lánlọ́ọ̀dù pàápàá bèèrè ọjọ́ tí ìṣọ́ òru wa máa ń bọ́ sí. Màámi fi orin dá a lóhùn!

Ó wá di ọjọ́ kan, a ń jẹun, bàbá mi kùn ohùn àárín méjì: "re re." Mo sáré gbé omi. Wọ́n mirí. Aṣọ ni? Wọ́n mirí. Ata ńkọ́? Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo gba òdo. Màámi ló kọ́kọ́ yé. Wọ́n ní, "Ẹran ni! Ẹran ni wọ́n ń fi ohùn pè!"

Mo ti na ọwọ́ sí ìkòkò, Màámi gbá a dànù. Wọ́n ní bí Bàbá Fúnkẹ́ ò bá fi ọ̀rọ̀ sórí orin yẹn, wọn ò ní jẹ ẹran. Inú bí bàbá mi! Wọ́n lu tábìlì, gbà, gbà: "Ẹ... ran!"

A pariwo. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, ẹran ni! Màámi bu ẹran fún wọn títí tí kò fi ku nǹkan kan fún èmi aboyún.

Mo wá bímọ, ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n gbé e fún bàbá mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá kùn ún: "re dò mí mí." Ọkọ mi ní Ayọ̀délé. Wọ́n mirí. Ayọ̀túndé? Rárá. Ayọ̀kúnlé? Wọ́n fọwọ́ dà á nù. Àwọn orúkọ tí ohùn wọn bá a mu tán lẹ́nu wa. Àánú wọn ṣe mí. Mo bẹ Màámi pé tó bá dọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n kàn bá wọn pe Ayọ̀túndé, kí ojú má baà ti wọ́n láàárín èrò. Màámi kọ̀ jálẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn àna mi sọ ọmọ lórúkọ tiwọn, pásítọ̀ wá yíjú sí bàbá mi. Mo tẹ Màámi lẹ́sẹ̀ pé kí wọ́n pe Ayọ̀túndé. Ńṣe ni wọ́n rọra kùn ún, "re", wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún bàbá mi.

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sórí tábìlì. Wọ́n lù ú.

"O... hùn... tún... dé."

Ohùntúndé! Ohùn tún dé! Ta ló gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí? Tíṣà ló hun ún fúnra wọn, wọ́n sì ti ń gbé e kiri nínú láìlè sọ ọ́! Wọ́n tún un pè, ó já gaara. Èrò bú sórin. Màámi nìkan ni ò lè kọrin lọ́jọ́ náà. Wọ́n bojú, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Bàbá mi ò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ o, n ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń há. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ bíi Màámi. Màámi, mo júbà yín!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni orin ti gbé dìde nílé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa o, torí bàbá mi jókòó tì mí báyìí, bírò pupa sì ti wà lọ́wọ́ òsì wọn!