Òdòdó Oma Nínú Páálí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Harburg ní ilẹ̀ Jámánì, obìnrin àgbàlagbà kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa tí a ń pè ní Oma, bí àwọn ọmọ Jámánì ṣe ń pe ìyá àgbà wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi máa ń wà bí màmá wa bá lọ síbi iṣẹ́ ní Hafen, èbúté ọkọ̀ ojú omi. Á fún wa ní búrẹ́dì dúdú tó kan díẹ̀, bọ́tà á nípọn lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó bá a bomi rin òdòdó dahlia rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Òmíràn pupa fòò, òmíràn funfun bí òwú.

Lọ́dún kan tí òtútù ń bọ̀, Oma ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, ó di màmá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Fọlákẹ́, má jẹ́ kí òtútù pa àwọn dahlia mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrì dídì kọ́kọ́ bọ́, gbogbo ewé wọn dúdú bí ẹni pé iná jó wọn. A gé igi wọn, a sì rọra tú ilẹ̀ yí wọn ká. Ìdí wọn tó wà nínú ilẹ̀ rí bí ànàmọ́. Bí mo bá kánjú fà á, màmá á gbá mi níka: "Rọra! Bí ọrùn rẹ̀ bá ṣẹ́, kò ní hù mọ́." Nígbà tí wọ́n gbẹ, a tò wọ́n sínú páálí oníyanrìn ní Keller, yàrá abẹ́ ilé.

Ìyá àgbà wa dé láti Ìjẹ̀bú nígbà òtútù yẹn. Lọ́jọ́ kan tí a ti ilé ìwé dé, omi ń hó lórí iná, Ìyá àgbà sì ti bó méjì nínú àwọn ìdí inú páálí náà.

Mo figbe ta. "Ìyá àgbà, ẹ dákun! Òdòdó Oma ni!"

Ó wo ọ̀bẹ, ó wò mí. "Òdòdó? Ẹ wá ń tọ́jú òdòdó bí iṣu?"

Nígbà tí màmá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń lọ yẹ̀ wọ́n wò, tó ń gé ibi tó bá rà kúrò.

Nígbà tí ilẹ̀ móoru, Oma fi ọ̀pá rìn wálé. Ó rí i pé wọ́n ti ń hù, ó jókòó, ó sunkún. Òun àti Ìyá àgbà ló jọ gbìn wọ́n, ọ̀kan ń sọ Jámánì, ìkejì ń sọ Yorùbá, wọ́n sì ń gbọ́ra wọn yé.

Àwọn méjèèjì ti sinmi báyìí. Ní Moabit, àdúgbò mìíràn ní Jámánì tí mo ń gbé lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn a máa da dahlia nù, wọn a ra tuntun, orúkọ tó wà lára bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo sì fi mọ àwọn aládùúgbò mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kó tèmi wọ Keller lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ pé Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn, na ọwọ́ sí mi. Ó fi Yorùbá sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Mo dúpẹ́.