Ẹ Kú Ariwo

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Adja-Ouèrè, olùkọ́ ìtàn wa fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Ó ní àwọn ni wọ́n sọ ayé di ohun tó dà lónìí. Gbogbo wọn ló ní irùngbọ̀n nínú àwòrán, kò sì sí ọ̀kan tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi a máa wò wọ́n, inú mi a sì máa dùn lábẹ́lẹ̀, torí mo mọ ọ̀kan tí kò ní irùngbọ̀n. Ìyá mi ni.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wá sí abúlé wa, lójú ọ̀nà Ikpinlè. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni àwọn obìnrin fi ń rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dálu. Ẹni tó bá ń ṣe gàrí, ìka rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀, torí páànù náà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀gẹ́ àti ìka. Ìyá mi ní òun ò lè máa bó ọwọ́ òun mọ́ ẹ̀gẹ́ títí ayé. Ó ta oko ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Massè, ó fi ra ẹ̀rọ náà, ó sì kọ́ àtíbàbà kan sórí rẹ̀. Àwọn ẹbí wa bínú. Wọ́n ní ta ló ń ta ọ̀pẹ ra irin? Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, irin náà á so.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Apá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a máa ń yí kó tó jí. Èmi ni mo yí i, torí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Mo yí i títí èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, kó tó wá bú ramúramù. Adìẹ sá. Ewúrẹ́ sá. Ìyá mi di ìró rẹ̀ le, ó kọ ẹ̀yìn sọ́nà, ó ń da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò wo ibòmíràn, ẹ̀rọ ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀gẹ́ wá. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e náà, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kọjá. Àwọn obìnrin ń gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, wọ́n ń lọ sídìí páànù wọn, wọn ò tilẹ̀ yíjú wò wá.

Èmi tí mo ti kàwé, mo ní mo mọ ohun tó fà á. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, pé àwọn òṣìṣẹ́ bínú sí ẹ̀rọ, wọ́n tilẹ̀ fọ́ òmíràn, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi wò mí. Ó ní, “Ta ló fẹ́ kí páànù máa bó òun lọ́wọ́?” Èrò tirẹ̀ ni pé wọ́n ń bẹ̀rù kí òórùn epo ẹ̀rọ má wọ inú gàrí. Ó yan gàrí tó dára, ó pín in kiri ojúlé. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dúpẹ́. Wọn ò wá.

Ìyá mi pa oúnjẹ alẹ́ tì. Nírọ̀lẹ́ á jókòó ti ẹ̀rọ náà, á máa fi àkísà nù ún bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀pẹ Massè ló ń rò. Tí irin yìí ò bá so, kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè pè ní tirẹ̀.

Ìdí kànga ni mo ti gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ olórí àwọn onígàrí abúlé wa. Òun ló kọ́ ìyá mi níṣẹ́. Èmi àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ la jọ ń fami lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń sá fún wa. Ó gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀.

“Ìyá yín kì í dáhùn ìkíni mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ tan ẹ̀rọ mulẹ́ẹ̀ yẹn, ìyá wa wá kí i. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí i, wọ́n tún un kí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹni tó ti ní mulẹ́ẹ̀ ò rí tiwa rò mọ́.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò jáde. Lọ́dọ̀ wa, o lè jí adìẹ ẹni gbé kí wọ́n sì dárí jì ọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí àgbà tó yẹ kí o lọ kí nílé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí o má dáhùn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ìyá mi gbọ́, ó fọwọ́ lérí. “Ariwo yẹn ni! Ariwo yẹn ni ò jẹ́ kí n gbọ́!” Kò dúró wọ bàtà. Mo sá tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò dáhùn. Ó ń fi àìdáhùn san àìdáhùn. Nígbà tó yá ó ní:

“Dìde. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ariwo náà á tún wà lọ́la. Ẹni tó ń hunṣọ ní bí a ṣe ń kí i. Ẹni tó ń dirun ní tirẹ̀. Tìrẹ ńkọ́? Báwo la ó ṣe máa kí ẹni tí kò lè gbọ́?”

Ìyá mi nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣáà wá, ìyá mi. Màá máa pa ẹ̀rọ tí ẹ bá ti dé.”

Ìyá àgbà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin tó kù dúró lókèèrè, wọ́n ń wòran. Ẹ̀rọ ń ké. Ìyá mi ti yí padà, ojú ọ̀nà ló ń wò. Bó ṣe rí òjìji ìyá àgbà, ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìyá àgbà wo irin náà látòkè délẹ̀, ó wo àwa méjèèjì, ó ní:

“Ẹ kú ariwo o!”

“Hóò! A kú u o, ìyá mi!” Ìyá mi pariwo dáhùn, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ṣì ń ké. Ni gbogbo ènìyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó dúró lókèèrè gbé agbọ̀n wọn wọlé, oníkálukú ń kí wa, “Ẹ kú ariwo! Ẹ kú ariwo!” Ìyá mi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, ìyá mi á pa ẹ̀rọ, wọ́n á kíra, èmi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí apá irin. Mo bínú títí. Mo ní kò sí isíìnì kankan, kò sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan láyé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyẹn, pé àwọn onírùngbọ̀n inú ìwé wa ò lè gbà á. Ìyá mi ní bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rẹ́rìn-ín.

Lónìí, àtíbàbà yẹn ti di ilé bíríkì. Ẹ̀rọ tó ń fún omi ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ń ti Porto-Novo wá kó gàrí, àwọn ará abúlé gan-an ló sì ń pè é ní isíìnì. Bọ́tìnì la ń tẹ̀ báyìí tí ẹ̀rọ fi ń jí, ìyá mi ò sì ṣíwọ́ pípa á. Ìyá àgbà ti kú, ìkíni rẹ̀ ò kú. Mo gbọ́ ọ ní Oko-Akarè, wọ́n ń fi kí ọkùnrin kan tó ń lọ àgbàdo.

Etí ìyá mi nìkan ni ariwo náà mú lọ, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Ó dùn mí ju bó ṣe dun òun lọ. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú títì, kí ẹnikẹ́ni má tún kí i láìrí èsì.

Ìgbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, iṣẹ́ ò sí, ẹ̀rọ ò ké. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù zẹ́mì, mi ò tíì la ẹnu, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà:

“Hóò! A kú u o!”

Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i: ẹ kú ariwo, ìyá mi.