Àpótí Àwòṣe Ìyá Mi

Aránṣọ ni ìyá mi. Inú àpótí onírin ni wọ́n ń tọ́jú bébà àwòṣe tí wọ́n fi ń gé aṣọ sí, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà tí wọ́n gé láti ara ìwé ìròyìn ni wọ́n ń fún àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá wá ba aṣọ jẹ́ á jẹ́ orúkọ tí òbí rẹ̀ kò sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ara wọn gan-an ni ìyá mi ń bú jù, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń bá mi jà: "Èmi ni mo fi ọmọ sílẹ̀ nínú òjò."

"Ìyá, òjò lè ru ìrora sókè, kò lè dá àrùn yìí sílẹ̀," ni nọ́ọ̀sì kan wí lọ́jọ́ kan ní ilé ìwòsàn. "Àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé wà nípamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń jáde tọ àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Ibì kan péré ló yàtọ̀ nínú àṣẹ ọmọ yín. Ìlẹ̀kẹ̀ kan yí padà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá ń tẹ̀ bíi dòjé."

"Inú àpótí ni àṣìṣe ti wá?" ni ìyá mi béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn òbí yín."

Nígbà tí a délé, ìyá mi ní: "Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọṣẹ́ kan rán ọrùn aṣọ kan, ó sì wọ́. Gbogbo wa ń retí èébú. Ìyá mi dìde, wọ́n lọ ṣí àpótí, wọ́n ń wo bébà àwòṣe ọrùn náà bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wá.