Kànga Tí Wọ́n Lé Wa Kúrò Nídìí Rẹ̀

Bí mo bá ti gbóòórùn omidùn kíkan láàárọ̀, abúlé wa tó wà láàárín Igando àti Ìṣẹ̀rí-Olófin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe rí kí ilé tó gba gbogbo ibẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ló yí wa ká nígbà náà. Ojú ọ̀nà pupa kan ṣoṣo tó gba àárín abúlé kọjá ni lọ́ọ̀rì tó ń kó yanrìn àti sìmẹ́ńtì máa ń gbà, eruku wọn á sì bà lé gbogbo aṣọ tí a bá sá. Owó epo rọ̀bì ti dé. Káàkiri Èkó ni wọ́n ti ń kọ́lé, ọkọ mi, tí ó jẹ́ bíríkìlà, kì í sì í wáṣẹ́ tì. Èmi ń ṣe ògì, mo ń se ẹ̀kọ, mo sì ń gbé e lọ sí Ìkọ̀tún láti tà. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ògì rí mọ̀ pé omi ni gbogbo rẹ̀. Omi la fi ń rẹ àgbàdo, omi la fi ń ṣàn án, omi la fi ń sẹ́ ẹ, a ó tún da omi orí rẹ̀ nù, a ó bu òmíràn sí i. Kànga kan ṣoṣo ló sì wà ní abúlé náà, iwájú ilé baálé ló wà.

Ìjọ tí èmi àti ọkọ mi ń lọ kò tóbi. Àlejò ló pọ̀ jù nínú wa, abẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò la sì ti ń jọ́sìn. Ọmọ Èkìtì kan ló ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn wa, iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń jẹun. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, kódà bó bá ń wàásù. A kò bá ẹnikẹ́ni jà ní abúlé náà. Bí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe, a máa ń jáde; bí ẹnìkan bá ṣaláìsí, a máa ń lọ bá wọn gbẹ́lẹ̀.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni àrùn èéyi tó mú àwọn ọmọdé lọ́dún kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mú wọn gidi, àwọn kan sì kú. Baálé àti àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní àwọn máa ṣe ètùtù, gbogbo ilé pátá ló sì gbọ́dọ̀ mú adìẹ àti obì wá, kí olórí ilé dúró níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn wa àti ọkọ mi lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn á bá wọn pa igbó tó wà nítòsí ilé, àwọn á wá ọkọ̀ tó máa gbé àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n àwọn kò ní lè dúró níbi ètùtù, nítorí Jésù nìkan làwọn ń sìn. Ọkọ mi sọ fún mi pé baálé kò bínú sọ̀rọ̀. Ó ní bí ilé kan péré bá yọ ara rẹ̀, iṣẹ́ náà kò pé, bí ọmọ mìíràn bá sì kú, ọrùn wa ló máa wà. Ó wá ní àwọn tí kò bá àwọn dá sí ohun tí àwọn ń ṣe nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ kò ní bá àwọn mu omi.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé korobá mi lọ sídìí kànga bí ẹni pé n kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n baálé lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti jókòó síbẹ̀ lórí àpótí. Obìnrin yìí ló fi ibi tí mo ti lè rí ewé ẹ̀kọ hàn mí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Kò pariwo mọ́ mi rárá. Ó kàn na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹnu kànga.

Ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀yin lẹ yọ ara yín. Máa lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ sí odò. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, oyún mi àkọ́kọ́ sì ti ń tóbi. Ìgbà tí mo bá fi máa pọn omi tó tó sẹ́ ògì, ọjà ti ń tú, nítorí náà ẹ̀kọ tí mo ń sè dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́ ló dùn mí. Wọn kò kí wa mọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa: kí o jí láàárọ̀, kí o kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, kó wo ẹ̀yìn rẹ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ìyàwó télọ̀ kan tó wá láti Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí ni wọ́n, ilé wọn fara ti tiwa. Ó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. N kò sọ ọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé dúró dè mí lójú ọ̀nà odò. Wọn kò lù mí, wọn kò bú mi. Wọ́n sọ korobá kalẹ̀ lórí mi, wọ́n da omi rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n dá korobá padà fún mi, wọ́n sì lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, òǹgbẹ ń gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n mi fi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì ń wo ibi tí omi náà ń rìn sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé òǹgbẹ gbẹ Jésù lórí àgbélébùú. Kí n má purọ́, n kò ka ìyẹn sí nǹkan kan rí. Lójú mi, ìṣó ni ìyà, ẹ̀gún ni ìyà, òǹgbẹ kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi kún un. Lọ́jọ́ náà ló tó yé mi. Ó mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn wà láàárín àwọn tó ní omi, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má fún un. N kò rí ìran, n kò gbọ́ ohùn. Mo kàn mọ̀ dájú pé n kò dá jókòó síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo dìde, mo sì padà sí odò.

Ọkọ mi ní ká kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ ká bímọ ná. Ní ìpàdé àdúrà, olùṣọ́-àgùntàn ní kí kálukú máa dárúkọ àwọn tó lé wa nídìí kànga níwájú Ọlọ́run. Ọkọ mi fèsì pé òun kò lè súre fún wọn, irọ́ ni òun máa pa.

Olùṣọ́-àgùntàn ní, “Má purọ́ fún Ọlọ́run. Sọ orúkọ wọn ṣá, kó o sì dákẹ́.”

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bí mo bá ti ń sẹ́ ògì láàárọ̀, mo máa ń sọ orúkọ Ìyá Àgbà, n ó sì dákẹ́. Ó pẹ́ tí n kò ní ohun tí mo lè fi kún un. Nígbà tó yá, mo rántí pé orúnkún ń dùn ún, mo bá fi ìyẹn kún un. Lẹ́yìn náà, mo fi ikọ́ rẹ̀ kún un.

Àwọn ọkùnrin ìjọ wa pinnu láti gbẹ́ kànga tiwa lẹ́yìn àtíbàbà. Amọ̀ líle ni wọ́n kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà ni wọ́n bá yanrìn. Ọ̀sán ni, olùṣọ́-àgùntàn ló wà nísàlẹ̀, ọkọ mi ló ń fa iyẹ̀pẹ̀ sókè, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ya lulẹ̀, tó sì bò ó. Àwa díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn yòókù ti lọ síbi iṣẹ́. Mo sáré lọ sí ilé baálé pẹ̀lú oyún inú mi. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń rò ó pé ta ló máa dá mi lóhùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní, “Bàbá, ilẹ̀ ti ya lu káfíńtà.”

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó sì fi ohùn rara pe àwọn ènìyàn. Àwọn tó wá gbọ́ iṣẹ́ kànga jù wá lọ. Wọ́n fi pákó àti igi ọ̀pẹ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kó má baà tún ya. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó da omi mi nù wà lára àwọn tó wọlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi wa yanrìn náà nígbà tí wọ́n sún mọ́ orí rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ìyá Àgbà ti dé pẹ̀lú igbá omi láti inú kànga iwájú ilé wọn. Ó fọ yanrìn kúrò lójú àti nímú rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì ń sọ fún un pé kó rọra mu ún. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ètùtù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé korobá mi lọ sídìí kànga iwájú ilé baálé. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀. Kò na ọ̀pá. Nígbà tí mo fa omi tán, ó wo ikùn mi.

Ó ní, “Má jẹ́ kó kún. Ìdajì ló tó ọ gbé.”

Wọn kò jókòó ìpàdé kankan láti sọ pé wọ́n ti dárí jì wá, àwa náà kò sì yí ohùn wa padà. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣe ètùtù lẹ́yìn ìgbà náà, a sọ fún wọn pé a kò ní wá, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì fi wá sílẹ̀.

Nígbà tí mo bímọ, Ìyá Àgbà ló wá ń wẹ̀ ẹ́ fún mi. Ibi tó ti ń fi epo ra á lára ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi láìwo ojú mi. Ó ní, “Ọmọ ọmọ mi wà nínú àwọn tí èéyi pa. Mo rò pé bí gbogbo ilé bá dúró, kò ní mú àbúrò rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣọ́ lẹ́nu kànga yẹn nìyẹn.” Mo mọ̀ pé ọmọ náà kú, mo ti lọ bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n n kò fìgbà kan rò ó pé ẹ̀rù ló ń bà á níbi tó jókòó sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n gbé aṣọ tí a ó fi pọ́n ọmọ náà wá.

Kò di ọmọ ìjọ wa títí ó fi kú. Káfíńtà wa tiro títí ayé rẹ̀. Kànga tí a gbẹ́ kò mú omi wá, a dí i pa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ bí mo ṣe lè sọ ìtàn yìí nígbà tí wọ́n bá ní kí a wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe dójú ti ọ̀tá, nítorí n kò rí ẹni tí ojú tì níbẹ̀. Olúwa sọ pé ìbùkún ń bẹ fún àwọn tí a ṣe inúnibíni sí, mo sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti gba tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá padà sídìí kànga kọ́. Ojú ọ̀nà odò ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàánú wa, tí n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Mo jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, òǹgbẹ ń gbẹ mí, Ó sì wà níbẹ̀. Bí gbogbo nǹkan yòókù kò bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìyẹn ti tó mi.