Ọwọ́ Ọ̀tún Lábẹ́ Afárá

Ìwé ìròyìn ni mo fi ọwọ́ òsì gbé fún Bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ dé ilé wọn ní àdúgbò Ìrẹ̀mọ̀, láti fi ara mi han bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì. Ife omi wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ni mo bá fi òsì nà án sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọ́n ń wo ọwọ́ náà títí mo fi mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí mo lọ tán, wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé àwọn kò ní fà á lé ẹni tí a kò kọ́ nílé lọ́wọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé kíkọ wọn dára débi pé ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba, tàbí tó fẹ́ kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú Bíbélì, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Inú bí mi sí wọn gan-an. Ọmọ oko ni mí lóòótọ́, akọ̀wé kékeré lásán ni mí ní yunifásítì, àmọ́ a kọ́ èmi náà nílé. Oṣù márùn-ún gbáko ni ọmọbìnrin náà fi ń bẹ̀ wọ́n nítorí mi.

Ẹja ló wá bá mi bẹ̀ wọ́n. Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ìwọ̀ pẹja, wọ́n sì gbọ́ pé abúlé kòkó tí wọ́n bí mi sí wà létí odò kan lọ́nà Oǹdó, pé mo mọ ọkọ̀ ojú omi wà. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n mú àwọn lọ ní àárọ̀ Sátidé kan. Ọmọ wọn kìlọ̀ fún mi kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ní, "Jọ̀ọ́, máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ." Mo ní mo ti gbọ́.

Ìgbà òjò ni, omi ti kún. Afárá ibẹ̀ ní òpó kọnkéré mẹ́ta. Ẹ̀yìn òpó ni ẹja máa ń sinmi sí, torí pé òpó ti gba agbára omi níwájú. Ẹ̀gbẹ́ òpó ni ìjàngbọ̀n wà. Ibẹ̀ ni omi ti ń fún ara rẹ̀ kọjá, tó sì ń sáré jù. Ohun tí bàbá tó bí mi kọ́ mi kò pọ̀. Kí imú ọkọ̀ máa kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Kí ọkọ̀ má dábùú. Kí n má yọ àjẹ̀ kúrò nínú omi nítòsí òpó. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ kọlu òpó, kí n jẹ́ kó kọlù ú, kí n má fi ọwọ́ dá a dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá kí a tó wọ ọkọ̀, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ojú ń tì mí láti máa kọ́ ọ̀gá ilé-ìwé bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Bàbá jókòó síwájú, èmi wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀. Àárọ̀ náà dùn. A pa èpìyà mẹ́jọ àti àrọ̀ ńlá kan, Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pè mí ní "ọmọ mi" fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́kàn mi, mo ti ń ra iṣu ìdáná.

Wọ́n ní kí a so ọkọ̀ sí ẹ̀yìn òpó àárín. Irin kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, ní ojú omi tó ń sáré. Òun ni a máa ń so okùn mọ́, lẹ́yìn náà omi á rọra ti ọkọ̀ padà sí ẹ̀yìn òpó. Mo wa ọkọ̀ débẹ̀. Mo fi abíyá àti ọwọ́ ọ̀tún há àjẹ̀ mọ́ra nínú omi, ọkọ̀ sì dúró. Bàbá yíjú padà, wọ́n na ọwọ́.

"Gbé okùn wá."

Ọwọ́ òsì mi ti gbé e. Mo rí i tí ojú wọn bọ́ sórí ọwọ́ náà. Ni mo bá yọ àjẹ̀, mo gbé e lé itan, mo pààrọ̀ okùn sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì tẹrí ba. Wọ́n gbà á.

Imú ọkọ̀ ti yí. Kí n tó rí àjẹ̀ mú, ọkọ̀ ti dábùú, omi sì ń gbé e lọ bá òpó. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún wọn síta láti dá a dúró. Mo gbọ́ bí eegun ṣe fọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Omi ń ti ọkọ̀ mọ́ òpó, ọwọ́ wọn sì wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi àjẹ̀ ti òpó kí ọkọ̀ tó kúrò lára rẹ̀. Bàbá kò ké. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Ọmọ mi, ọmọ mi."

Epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, mọ́tò kò sì sí lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ gan-an kí ọkọ̀ akẹ́rù kòkó kan tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn dókítà gé ọwọ́ náà ní ọrùn ọwọ́.

Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé omi ló gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ fún ọmọ wọn pàápàá, ó sì gbà mí gbọ́. N kò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn nídìí tábìlì, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì kọ A, B, D sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Kò sí lẹ́tà kan tó dúró ṣánṣán. Mo dọ̀bálẹ̀.

"O ní omi ló gba àjẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ń wò ọ́. Ìwọ lo yọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Torí kí o má baà fi òsì fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n pa ìwé náà dé. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n pe ọmọ wọn wọlé, wọ́n ní kí n dìde. Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé tèmi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fà á lé mi lọ́wọ́, torí òun nìkan ló kù.